Èsì: Ọmọ tó fẹ́ ṣe tíátà, kí ni kó mú ní SS1?

Ẹ kú ìbéèrè o, ìyá wa. Ẹ ní ọmọ yín tó ń wọ SS1 fẹ́ ṣe tíátà, àmọ́ bàbá rẹ̀ fẹ́ kó lọ sí kíláàsì sáyẹ́ǹsì, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ń kọ́ tíátà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Wọ́n ń kọ́ ọ, àmọ́ abẹ́ iṣẹ́ mìíràn ló fara pamọ́ sí. Ní JSS, inú Cultural and Creative Arts ló wà. Ní SS, Literature-in-English ni kó dì mú ṣinṣin: eré oníṣe àti ewì ni Pépà 3 WAEC. Bó bá fẹ́ ṣe Theatre Arts ní yunifásítì Ìbàdàn tàbí Dramatic Arts ní ti Ifẹ̀, iṣẹ́ yẹn wà lára ohun tí wọ́n máa wò. Kó mú Yorùbá mọ́ ọn, eré oníṣe wà níbẹ̀ náà.

Àmọ́ kíka ìwé eré yàtọ̀ sí gbígbé e sórí ìtàgé. Kó wọ ẹgbẹ́ eré ilé ìwé wọn, kó má sì jẹ́ ipò olorì nìkan ni yóò máa wá (gbogbo wọn ló ń fẹ́ ṣe olorì!). Kó gba iṣẹ́ ẹni tó ń di ìwé eré mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé, tó ti fi bírò sàmì síbi tí ìlù á ti dún àti ibi tí iná á ti kú, tó ń sọ ọ̀rọ̀ sétí òṣèré tó bá gbàgbé. Bí ìran bá ti di inú igbó tí àga ọba ṣì wà níbẹ̀, òun ni wọ́n á bi. Lójú tèmi, ibẹ̀ lẹ ti máa mọ̀ bóyá iṣẹ́ yìí wù ú dénú.

Ti sáyẹ́ǹsì tí bàbá rẹ̀ ń sọ, ẹ tètè bá wọn yanjú ẹ̀ kí ilé ìwé tó pín kíláàsì.