Ẹ Bi Wá, Ká Wí Fún Yín: Mẹ́dọ̀wú B àti Jẹjẹrẹ Ẹ̀dọ̀

Mo fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún ìyàwó àbúrò mi tó ń rọbí n'Ílọrin. Wọ́n yẹ̀ mí wò, wọ́n ní mẹ́dọ̀wú B (hepatitis B, kòkòrò tó ń ba ẹ̀dọ̀ jà) wà lára mi. Kò síbi tó ń dùn mí, ṣùgbọ́n ìyá mi ti gbé àgbo ka iná. — Bàbá Ìbejì, Ìlọrin

Bàbá Ìbejì, ẹ bá wa bẹ Màmá kí wọ́n sọ àgbo náà kalẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹ̀dọ̀ ni ohun tí a bá gbé mì ń gbà kọjá. Àgbo tí kò sẹ́ni tó mọ ìwọ̀n ohun tó wà nínú rẹ̀ lè dá kún ìyà tó ń jẹ ẹ́.

Èsì yín ò sọ pé ẹ̀dọ̀ ti bàjẹ́. Awọ kòkòrò náà ni wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá tún rí i lẹ́yìn oṣù 6, ó ti di onílé nìyẹn. Ó ṣeé ṣe kó ti wà níbẹ̀ láti kékeré: nínú ọmọ ọwọ́ 10 tó bá kó o lọ́dọ̀ ìyá, bíi 9 ni kì í kúrò lára wọn, nínú àgbà 20 tó bá kó o, kì í tó 1.

Àyẹ̀wò iye kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ máa ń wọ́n. Bí owó rẹ̀ ò bá tíì sí, ẹ kọ́kọ́ ṣe AST (èròjà tí ẹ̀dọ̀ tó ń fara pa máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀) àti platelet (ohun tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì). Ká ní AST yín jẹ́ 60, tí láàbù sì kọ 40 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé kò yẹ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi 40 pín 60, ó di 1.5, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 100, ó di 150. Bí platelet bá jẹ́ 200, ẹ fi pín 150 yẹn: 0.75. Iye yìí ló ń tọ́ka sí bóyá àpá ti ń wà lára ẹ̀dọ̀. Àgbà tí tirẹ̀ bá ti kọjá 0.5, ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2024 ní kó bẹ̀rẹ̀ oògùn, iye yòówù kí kòkòrò rẹ̀ jẹ́. Ẹ má ṣe é nígbà tí ibà bá wà lára yín o. Ibà a máa fa platelet wálẹ̀, ìṣírò á wá purọ́ mọ́ yín.

Tenofovir 300 mg, ẹyọ kan lójúmọ́, wà lára oògùn tí wọ́n sábà ń fúnni. Kì í lé kòkòrò náà lọ, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni. Ẹni tó bá dá a dúró fúnra rẹ̀, kòkòrò lè ru dìde kó kọ lu ẹ̀dọ̀. Àwọn tó ní HIV náà ń lò ó, ìyẹn làwọn kan fi ń jù ú nù kí ará ilé má bàa rí ike rẹ̀. Ẹ tètè ṣàlàyé fún ìyàwó yín.

Kí òun àtàwọn ìbejì náà lọ ṣàyẹ̀wò. Ẹni tí kò bá ní in, kó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára: lónìí, lẹ́yìn oṣù 1, àti ní oṣù kẹfà. Ẹ lè jọ jẹ àmàlà nínú abọ́ kan. Abẹ ìfárí àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọnyín ni kí kálukú ní tirẹ̀.

Ẹ̀pà ni mò ń tà. Bí mo bá yan èyí tó bu, ṣé májèlé rẹ̀ ò ní kú? — Ìyá Elẹ́pà, Ọ̀fà

Èéhù lè kú, májèlé tó tu sílẹ̀ kì í tán. Àfúlátọ́sìn nìyẹn, ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ sì pọ̀ gan-an fún ẹni tó bá ti ní mẹ́dọ̀wú B tó tún ń jẹ ẹ́. Ibi tí ó ti ń bàjẹ́ jù ni kí wọ́n wọ́n omi sí èèpo kó lè rọrùn láti pa. Ẹ má wọ́n ọn. Orí tapólì ni kí ẹ sá a sí, kì í ṣe ilẹ̀ lásán. Ẹ mì í létí, tó bá ń ró ṣaworo, ó gbẹ. Ẹ ṣa èyí tó hun, tó dúdú àti tó fọ́ kúrò, ẹ má sì kó wọn fún àwọn tó ń ṣe kúlíkúlí. Ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú ìṣákù máa ń parí sí.

Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi, ti tó sẹ̀ǹtímítà 9. Mo fẹ́ kí wọ́n gé lára tèmi fún un. — Òmù-Àrán

Ẹ̀dọ̀ tí wọ́n bá gé lára yín á tún hù láàárín oṣù mélòó kan. Ìwọ̀n kókó jẹjẹrẹ náà ni ìṣòro. Ìlànà Milan, tí wọ́n fi ń mọ ẹni tí wọ́n lè pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ fún, tí wọ́n ń tẹ̀ lé láti 1996, ni pé kó má ju ẹyọ kan tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5, tàbí mẹ́ta tí ìkankan wọn ò ju 3 lọ. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ara kọ ẹ̀dọ̀ àjèjì náà ló ń dẹ okùn fún jẹjẹrẹ tó bá ṣẹ́kù. Wọ́n lè kọ́kọ́ gbìyànjú láti mú kókó náà kéré. Láti 2020 ni wọ́n sì ti ń fi oògùn atezolizumab pẹ̀lú bevacizumab sára àwọn tí iṣẹ́ abẹ ò bá lè ràn lọ́wọ́, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta. Kí wọ́n fi ẹ̀rọ wo ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ṣáájú, torí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó bá wú níbẹ̀ lè bẹ́.

Ẹ̀yin náà, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò kí ẹ tó máa sọ̀rọ̀ owó. Ìyá kan náà ló bí yín, ẹni tó bá sì ní mẹ́dọ̀wú B kì í sábà lè fi ẹ̀dọ̀ tọrẹ.