Alẹ́ ni kí ẹ fi dán ilé respite wò

Ẹ kú ìfaradà o, Màmá. Ẹ ní kánsù fún ọmọkùnrin yín, ọmọ ọdún 22 tó ní ìpèníjà òye àti warápá, ní òru mẹ́ta nílé respite, ibi tí wọ́n ti ń bá olùtọ́jú tọ́jú èèyàn fún ìgbà díẹ̀ kí òun náà lè sinmi. Ẹ ní CQC, àjọ tó ń yẹ àwọn ilé ìtọ́jú wò ní England, kọ "Good" (ó dára) fún ilé náà, ẹ wá ń béèrè bóyá ìyẹn tó láti fọkàn tán wọn.

Kò tó. Ẹ wo ọjọ́ tó wà lórí ìròyìn àyẹ̀wò CQC náà, kí ẹ sì béèrè bóyá ọ̀gá ìgbà yẹn ṣì wà níbẹ̀. Tí social worker bá ní "wọ́n ní ìrírí gan-an", ọ̀rọ̀ ẹnu nìyẹn. Ìwé ni kí wọ́n mú wá. Ó máa ń ká mi lára bí wọ́n ṣe ń fi gbólóhùn yẹn pa òbí lẹ́nu mọ́.

Alẹ́ ni wàhálà wà. Ẹ bi wọ́n: ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru, ṣé ojú rẹ̀ á là sílẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́, àbí òun náà á sùn tí wọ́n á máa jí i? Wọ́n ń pe ti àkọ́kọ́ ní waking night, wọ́n ń pe ìkejì ní sleep-in. Ẹni tí gìrì máa ń mú lójú oorun, waking night ni kí ẹ bá a béèrè. Wọ́n á sọ fún yín pé ẹ̀rọ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀rọ yẹn, ìgbọ̀nrìrì ara ló ń gbọ́; gìrì tí ara kì í ti gbọ̀n lè yọ́ kọjá lára rẹ̀.

Tí wọ́n bá ti kọ midazolam fún un, oògùn tó ń dá gìrì dúró, èyí tí wọ́n ń fún sáàárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti èrìgì, ẹni tó gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní gbogbo shift, títí kan ti òru ọjọ́ Sunday tí wọ́n máa ń pe òṣìṣẹ́ agency, ìyẹn òṣìṣẹ́ àyágbà, sí. Ẹ wo ọjọ́ tó wà lórí sátífíkéètì wọn. "A máa pe 999" kì í ṣe ìdáhùn. Kí nọ́ọ̀sì warápá kọ ọ́ sílẹ̀: lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó ni kí wọ́n fún un (ìṣẹ́jú 5 ló wọ́pọ̀), ìwọ̀n wo, ìgbà wo ni kí wọ́n pe áńbúláǹsì. Ẹ gbé oògùn lọ nínú páálí tó bá a ti ilé oògùn wá, tí orúkọ ọmọ yín wà lára. Tí ẹ bá tú u sínú àpótí ọlọ́jọ́ méje, ọ̀pọ̀ ilé kò ní fọwọ́ kàn án. Oògùn ìrọ̀lẹ́ kan á fò, gìrì á sì wọlé. Tí dókítà bá yí ìwọ̀n padà lórí fóònù, ẹ gba lẹ́tà, torí pé ohun tó wà lára páálí ni wọ́n máa kọ sí ìwé MAR wọn, ìyẹn ìwé tí wọ́n ń kọ oògùn tí wọ́n fún un sí. Ẹ jọ ka hóró oògùn nígbà tó ń wọlé, ẹ jọ buwọ́ lù ú. Ẹ tún un kà nígbà tó ń bọ̀ wálé.

Ìwẹ̀ ńkọ́? Ní oṣù Keje ọdún 2013, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 18 kan tó ní warápá kú sínú omi ìwẹ̀ ní ilé ìtọ́jú NHS kan ní Oxford. Ṣáwà ni kí ọmọ yín máa lò, kí ẹnì kan sì wà níbẹ̀.

Ti assessment yín gẹ́gẹ́ bí olùtọ́jú, ìyẹn àyẹ̀wò ìrànlọ́wọ́ tí ẹ̀yin fúnra yín nílò, lábẹ́ òfin Care Act 2014: ẹ kọ lẹ́tà sí kánsù, ẹ béèrè. Ẹ ṣọ́ PIP ọmọ yín pẹ̀lú, ìyẹn owó ìrànlọ́wọ́ tí ìjọba ń fún ẹni tó ní àìlera. Tí kánsù bá ń sanwó ilé náà, apá ìtọ́jú ojoojúmọ́ (daily living) nínú PIP máa ń dúró lẹ́yìn ọjọ́ 28, wọ́n sì ń ro àwọn ìgbà tó lọ síbẹ̀ pọ̀ mọ́ra tí àárín wọn kò bá ju ọjọ́ 28 lọ. Wọn kì í ka ọjọ́ tó wọlé àti ọjọ́ tó jáde, nítorí náà òru mẹ́ta jẹ́ ọjọ́ méjì.

Ẹ má gba òru mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ó kọ́kọ́ lọ jẹun alẹ́ níbẹ̀ kó sì padà wálé, lẹ́yìn náà òru kan ṣoṣo. Ẹ lọ wo ibẹ̀ fúnra yín ní nǹkan bí aago méjọ alẹ́, nígbà tí ọ̀gá ti lọ sílé.