Òjò lásán ló rọ̀, ẹ̀rù ba màmá mi

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì wa. Àdúgbò Òkè-Àfà ni màmá mi ń gbé nígbà tí bọ́ǹbù bú gbàmù ní bárékè sójà Ìkẹjà lọ́dún 2002. Wọ́n bá èrò sáré dé etí odò, àbúrò wọn sì bá omi lọ. Bí àwọn ọmọ bá ti ń yin báńgà lóṣù Dìsẹ́ńbà, ṣe ni wọ́n máa ń gbọ̀n. Ìyẹn yé wa. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò sí báńgà, kò sí ariwo. Òjò rọ̀, gọ́tà kún, wọ́n bá bú sẹ́kún, wọ́n ní ká jáde nílé. Bàbá mi ní àṣejù ni. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Kì í ṣe àṣejù rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún bàbá.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú yẹn, ọjọ́ 27 oṣù kìíní, ìró bọ́ǹbù nìkan kọ́ ni ara màmá yín gbà sílẹ̀. Koríko bo ojú omi Òkè-Àfà, ó sì jọ ilẹ̀ lójú ẹni tó ń sáré nínú òkùnkùn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló tibẹ̀ ṣòfò. Òórùn ẹrẹ̀, ìró omi, èrò tó ń tira wọn, gbogbo rẹ̀ ni ọpọlọ dì pọ̀ mọ́ ikú. Ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn ti tó láti jí ìyókù.

Apá kékeré kan wà nínú ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní amygdala. Òun ló ń ké sí ara pé ewu dé, kì í sì í dúró de làákàyè. Òórùn kì í pẹ́ débẹ̀ rárá. Kí màmá tó rántí pé 2002 ti kọjá, àyà wọn ti ń já, òógùn ti bò wọ́n. Ẹ má wulẹ̀ sọ pé "òjò lásán mà ni." Wọ́n mọ̀ pé òjò ni. Ara wọn ni kò tíì gbà.

Tó bá tún dé, ẹ lọ síwájú wọn, ẹ má dì wọ́n mú látẹ̀yìn. Ẹ sọ ọ́ jẹ́jẹ́: "Màmá, èmi rèé. Inú pálọ̀ wa la wà." Kí wọ́n fẹsẹ̀ lásán tẹlẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ pa aṣọ àga, kí wọ́n máa dárúkọ ohun tí wọ́n ń rí, kí wọ́n sì máa mí síta díẹ̀díẹ̀. Àwọn kan á ní kí ẹ bu omi sí wọn lójú. Fún màmá yín, ẹ má dán an wò.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ bi wọ́n bóyá òórùn ló kọ́kọ́ dé ni tàbí ìró, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má ní kí wọ́n ro gbogbo ìtàn alẹ́ ọjọ́ náà fún yín.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀rù náà máa gba ilé mọ́ yín lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ pé gbogbo ìgbà tójò bá ṣú lẹ ń ti fèrèsé, tí màmá ò lọ ọjà mọ́, ara wọn ò ní ráyè kọ́ pé òjò kò pa wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ má fipá tì wọ́n síta fúnra yín. Iṣẹ́ ẹni tó kọ́ ọ ni, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń ṣe é. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Yábà, Aró wà l'Ábẹ́òkúta. Mo mọ ohun tí ará àdúgbò máa sọ tí wọ́n bá gbọ́ Yábà. Ẹ lọ bẹ́ẹ̀.

Bí ọjọ́ 27 oṣù kìíní bá ti ń sún mọ́, ara wọn lè má lélẹ̀ láìsí òjò, láìsí báńgà. Ẹ tètè bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ dé ibi ìrántí tó wà l'Ókè-Àfà, kí ẹ jọ lọ. Tí wọ́n bá ní àwọn ò lọ, ẹ jókòó tì wọ́n nílé lọ́jọ́ náà.