Èsì: Fífọ fọ́tò kámẹ́rà dígítà sórí bébà dúdú-àti-funfun

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ béèrè bóyá fọ́tò Òkè Olósùnta tí ẹ fi kámẹ́rà dígítà yà ní Ìkẹ́rẹ́ ṣe é fọ̀ nínú yàrá òkùnkùn bíi ti àtijọ́. Ó ṣe é ṣe, kò sì pọn dandan kí ẹ ní ẹ̀rọ tí ń sọ àwòrán di ńlá.

Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ sọ fọ́tò náà di dúdú àti funfun, ẹ yí i padà kí ibi tó mọ́lẹ̀ lè di dúdú, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ sórí ọ̀rá tó mọ́ gaara, ní ìwọ̀n tí ẹ fẹ́ kí àwòrán náà jẹ́ gan-an. Ojú tí tádàwà wà ni kí ẹ dà dé bébà fọ́tò (bébà tí ìmọ́lẹ̀ ń ya àwòrán sí lára), kí ẹ fi gíláàsì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ibi tí wàhálà wà ni pé tádàwà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í sábà dí ìmọ́lẹ̀ tó. Ojú ọ̀run tó yẹ kó funfun lókè àpáta náà lè di eérú. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ gé bébà tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi páálí bò ó, kí ẹ máa sún páálí náà ní ìṣẹ́jú àáyá 2, 2 lábẹ́ gílóòbù, kí ẹ lè rí iye ìmọ́lẹ̀ tó bá a mu.

Iná pupa nìkan ni kí ó wà ní títàn tí ẹ bá ń ṣí bébà. Ìwọ̀n 20°C ni oògùn tí ń yọ àwòrán jáde sábà máa ń fẹ́, omi wa l'Ádó sì máa ń gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ gbé abọ́ oògùn náà sínú omi yìnyín, ẹ má da yìnyín sínú oògùn.