Vishnu Sahasranama: ẹ má jáwọ́ nítorí àṣìpè

Arábìnrin wa tó béèrè bóyá kí òun pa Vishnu Sahasranama (ẹgbẹ̀rún orúkọ Vishnu, ọlọ́run àwọn ẹlẹ́sìn Hindu, tí wọ́n ń kà bí àdúrà) tì, torí ẹnì kan sọ fún un pé ẹni tó bá ṣi orúkọ Ọlọ́run pè ń fa ibi wọ ilé ara rẹ̀: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á tì. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kà á. Ìlú Chennai ní Íńdíà ni mo ti kọ́ ọ nígbà tí iṣẹ́ gbé mi débẹ̀, n kò sì gbọ́ Sanskrit, èdè tí wọ́n fi kọ ọ́, rárá nígbà náà. Irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún yín yẹn ti lé àwọn kan tí mo mọ̀ kúrò nídìí rẹ̀, ó sì máa ń dùn mí.

Ẹ wo ohun tí wọ́n máa ń kà kẹ́yìn. Nígbà tí ẹgbẹ̀rún orúkọ bá ti parí, ẹsẹ kan wà, "yad akshara pada bhrashtam", tó ń bẹ Narayana, ìyẹn Vishnu kan náà, pé kó dárí lẹ́tà tó bọ́ àti ohùn tó kúrú jì wá. Àwọn tó ti ń kà á láti kékeré pàápàá ń bẹ ẹ̀bẹ̀ yẹn. Àṣìpè kò lè wá di èèwọ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ.

Ẹ gbé ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ìyá àgbà tó kọ́ mi kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìwé. Ó wí, mo tẹ̀lé e, bí ọmọ ilé kéwú ṣe ń tẹ̀lé ààfáà. Ẹsẹ kọ̀ọ̀kan ní sílébù 32, ìdá mẹ́rin tó ní mẹ́jọ mẹ́jọ, ibi tí ìdá bá sì parí ni èémí yín yóò ti sinmi. "Vishvam Vishnur Vashatkaro", mẹ́jọ. "Bhutabhavyabhavatprabhuh", mẹ́jọ. Odindi orúkọ kan ṣoṣo ni ìdá kejì yìí: Olúwa ohun tó ti kọjá, ohun tó ń bọ̀ àti ohun tó wà. Tí ẹ bá mí láàárín rẹ̀, ẹ ti gé e sí méjì. Torí náà, ẹ mí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kí ẹsẹ kan tó mọ́ yín lẹ́nu dáadáa, ẹ má fi òmíràn kún un.

Ohùn M. S. Subbulakshmi, gbajúgbajà akọrin Íńdíà, tó ń dún nínú ọ̀pọ̀ ilé ní gúúsù Íńdíà láàárọ̀ dára púpọ̀ fún gbígbọ́, ṣùgbọ́n ẹ má sáré bá a.

Nípa ọjọ́ tí agbára kò bá sí: nínú àwọn ẹsẹ ìparí náà, Parvati béèrè ọ̀nà kúkúrú lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ọlọ́run Shiva, Shiva sì dá a lóhùn pé orúkọ Rama, ọ̀kan lára àwọn ìrísí Vishnu, tó ẹgbẹ̀rún náà. Nígbà tí mo dùbúlẹ̀ sí ilé ìwòsàn, orúkọ Rama yìí nìkan ni ẹnu mi lè gbé. Mo rántí Bhishma, àgbà jagunjagun inú ìtàn Mahabharata, nígbà náà. Orí ọfà tó gún un káàkiri ara ló dùbúlẹ̀ sí lẹ́yìn ogun Kurukshetra, nígbà tí ọba Yudhishthira wá bi í léèrè, Bhishma sì ka gbogbo orúkọ wọ̀nyí fún un. Ẹni tí ara ń ro ló kọ́kọ́ fi í lé wa lọ́wọ́ nínú Mahabharata. Láti ìgbà yẹn, n kì í fojú kéré kíkà ẹni tí ara rẹ̀ kò dá.

Ẹ yẹ ìwé yín wò pẹ̀lú. Bí "Om" bá wà níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, tí "namah" sì wà lẹ́yìn rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń fi ewé tulsi, ewé mímọ́ Vishnu, rúbọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ni. Èyí tó wà ní ẹsẹ-ẹsẹ ni kí ẹ wá.