Ìdáhùn sí Ìyá Ìbejì ní Woolwich: ọkọ̀ ojú omi wo ni kí a kó àwọn ọmọ wọ̀ ní ọlidé?

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

Mo ka lẹ́tà yín dé òpin, mo sì tún un kà, nítorí pé ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ju ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi lọ. Ẹ ní ọmọ mẹ́rin ni ẹ bí: àkọ́bí yín obìnrin tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 13, Táíwò àti Kẹ́hìndé tí wọ́n ti pé ọdún 8, àti Ìdòwú tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 2, tí kò sì tíì bọ́ lọ́wọ́ ìlédìí. Ọkọ yín ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìwòsàn, àwọn ọmọ kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i, ó sì ti ṣèlérí fún wọn pé lọ́dún yìí òun yóò kó gbogbo ilé lọ gbafẹ́ lórí òkun. Màmá rẹ̀ ń bọ̀ láti Ìbàdàn ní oṣù Keje, ọkọ yín sì fẹ́ kí Màmá bá yín lọ. Ó ti rí ọkọ̀ kan tí owó rẹ̀ kò wọ́n, Arcadia ti ilé iṣẹ́ P&O, tí yóò gbéra kí ilé ìwé tó parí, ó sì ní kí ẹ yọ àwọn ọmọ ní ilé ìwé fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀yin ń bẹ̀rù omi, ẹ ń bẹ̀rù ìnáwó, ẹ sì ń bẹ̀rù pé bí ẹ bá la ẹnu sọ pé kò ní rọrùn láti mú Màmá lọ, wọn yóò ní ẹ kò fẹ́ràn ìyá ọkọ yín. Ẹ wá bi mí pé ilé iṣẹ́ wo ni ó dára jù fún ìdílé bíi tiyín.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú Arcadia kúrò nílẹ̀. Ọkọ̀ tí ó dára ni, ṣùgbọ́n àwọn àgbàlagbà nìkan ni ó wà fún. Òun àti Aurora ni P&O yà sọ́tọ̀ fún àwọn tí ó ti pé ọdún 18, nítorí náà bí ọkọ yín bá tilẹ̀ sanwó lónìí, kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí wọn yóò gbà wọlé. Bẹ́ẹ̀ ilé iṣẹ́ kan náà ni ó ní Iona àti Arvia, tí ó jẹ́ pé nítorí àwọn ìdílé gan-an ni wọ́n ṣe kàn wọ́n. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé orúkọ ilé iṣẹ́ nìkan kò tó, orúkọ ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni kí ẹ wò. Ilé iṣẹ́ Marella náà ní ọkọ̀ Explorer 2 tí kì í gba ọmọdé, nígbà tí àwọn ọkọ̀ rẹ̀ yòókù ń gbà wọ́n. Virgin Voyages ní tirẹ̀ kì í gba ọmọdé sínú ọkọ̀ rẹ̀ kankan.

Ní ti yíyọ àwọn ọmọ ní ilé ìwé, mo rọ̀ yín pé kí ẹ má ṣe é. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2024, bí ọmọ bá pa ọjọ́ ilé ìwé 5 jẹ láìgba àyè ní England, wọ́n lè bu owó ìtanràn £80 lé òbí kọ̀ọ̀kan lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, bí òbí náà bá san án láàárín ọjọ́ 21. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ó di £160. Mẹ́ta nínú àwọn ọmọ yín ni ó ń lọ sí ilé ìwé, ẹ̀yin òbí sì jẹ́ méjì, nítorí náà £480 ni ẹ ó kọ́kọ́ mú kúrò nínú owó tí ọkọ yín rò pé òun fi pamọ́. Bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún 3, £160 ni wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀. Bí owó ọlidé bá ga jù fún yín, ẹ wo ọ̀sẹ̀ tí ó kẹ́yìn nínú oṣù Kẹjọ dípò ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí gbogbo ayé ń dù, tàbí kí ẹ dúró de ọlidé kékeré ti oṣù Kẹwàá. Owó sábà máa ń wálẹ̀ díẹ̀ ní àwọn àkókò wọ̀nyí.

Nísinsìnyí, ta ni yóò yan ọkọ̀ yìí fún yín? Lójú tèmi, Ìdòwú ni. Àwọn ìbejì yóò gbádùn ara wọn nínú ọkọ̀ èyíkéyìí tí ó bá ní omi àti áísìkiriìmù, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 2 tí ń lo ìlédìí ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kò ní ètò fún, ìyá rẹ̀ ni yóò sì san gbèsè náà pẹ̀lú oorun rẹ̀. Ọdún 3 ni gbọ̀ngàn eré àwọn ọmọdé ti bẹ̀rẹ̀ nínú ọkọ̀ Royal Caribbean àti ti Disney, ọmọ náà sì gbọ́dọ̀ ti mọ ilé ìgbẹ́ lò fúnra rẹ̀. Wọ́n ní ibi ìtọ́jú àwọn ìkókó lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbà fún un, kì í sì í ṣe gbogbo ọkọ̀ Royal Caribbean ni ó ní in. Nínú àwọn ọkọ̀ P&O tí ń gba ìdílé, ibì kan wà tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ kékeré lálẹ́ láìgba owó kankan, láti ọmọ oṣù 6 títí di ọdún 4. Ẹ lè gbé Ìdòwú lọ síbẹ̀ kí ó sùn, kí ẹ̀yin àti ọkọ yín sì jókòó jẹun pọ̀ bí tọkọtaya, ohun tí mo rí i láàárín ìlà lẹ́tà yín pé ó ti pẹ́ tí ẹ ṣe é kẹ́yìn. Àkọ́bí yín náà ṣe pàtàkì. Ọmọ ọdún 13 kò ní gbà kí a kó òun mọ́ àwọn ọmọ ọdún 8, nítorí náà ẹ rí i dájú pé àwọn ọ̀dọ́langba ní ààyè tiwọn.

Bí mo bá wà ní ipò yín, Iona ni n bá wọ̀, láti Southampton lọ sí Nọ́wè fún alẹ́ 7. Kò sí wàhálà pápákọ̀ òfuurufú pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin, kò sí wíwọn ẹrù, ìrìn láti Woolwich dé èbúté kò sì jìnnà. Òtútù yóò wà níbẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ pàápàá, ẹ kó súwẹ́tà dání. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn odò ìwẹ̀ Iona wà lábẹ́ òrùlé gíláàsì ńlá, òjò kò sì lè lé àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀. Disney máa ń wá sí Southampton nígbà ẹ̀ẹ̀rùn láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mi ò sì rí ẹni tí ó mọ ọmọdé tọ́jú tó wọn, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga gan-an fún ilé tí ó nílò yàrá méjì. Yàrá méjì ni ẹ ó sì gbà, nítorí pé ọ̀pọ̀ yàrá kì í gbà ju ènìyàn 4 lọ. Ẹ béèrè fún èyí tí ilẹ̀kùn ti àárín wọn já.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ti omi tí ẹ ń bẹ̀rù. N kò ní sọ fún yín pé ìbẹ̀rù náà kò nídìí. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú omi Costa Concordia kọlu àpáta lẹ́bàá erékùṣù Giglio ní Ítálì ní oṣù Kìíní ọdún 2012, wọ́n yí òfin àgbáyé padà pé kí wọ́n kọ́ àwọn èrò ní ohun tí wọn yóò ṣe nígbà ewu kí ọkọ̀ tó gbéra tàbí ní kété tí ó bá gbéra. Ẹ lọ síbi ẹ̀kọ́ náà tọmọtọmọ, kí ẹ sì béèrè ẹ̀wù agbẹ̀mílà tí ó bá ara Ìdòwú mu. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òkun ni ó yẹ kí ó gba oorun lójú yín, odò ìwẹ̀ orí ọkọ̀ ni. Disney àti Royal Caribbean fi òṣìṣẹ́ tí ń ṣọ́ àwọn tí ń wẹ̀ sí ìdí odò wọn. Kì í ṣe gbogbo ilé iṣẹ́ ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ gbà pé ẹ̀yin tàbí ọkọ yín ni olùṣọ́, kí ẹ sì pín wákàtí náà láàárín ara yín kí ẹ tó kúrò nílé. Ọmọ tí ń lo ìlédìí kì í wọ odò ńlá rárá. Bí ẹ bá gba yàrá tí ó ní bákónì, ẹ má ṣe fi àga sí ẹ̀gbẹ́ irin ìdènà rẹ̀. Ní ti èébì, ọ̀nà Sípéènì láti Southampton gba Bay of Biscay kọjá, níbi tí ìgbì ti lè le. Ti Nọ́wè náà ní ọjọ́ kan lórí agbami ní àlọ àti ní àbọ̀, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti wọ àárín àwọn òkè lọ sí ìlú Olden, omi ibẹ̀ sábà máa ń dákẹ́. Yàrá tí ó wà láàárín ọkọ̀, tí kò sì ga jù, ni kì í mì púpọ̀.

Ní ti ìnáwó, ẹ má ṣe wo iye tí wọ́n kọ sí ojú ìwé àkọ́kọ́ nìkan. P&O kì í fi owó ẹ̀bùn (tip) àwọn òṣìṣẹ́ kún ìwé owó yín, ṣùgbọ́n Royal Caribbean àti Disney ń kà á lórí ẹni kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, ọmọdé pẹ̀lú. Káàdì kékeré kan ni wọn yóò fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, òun ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn, òun náà ni ó ń ra nǹkan. Táíwò yóò na tirẹ̀ sí ẹ̀rọ eré, yóò dún tín-ín, owó yóò sì ti wọ gbèsè yàrá yín láìsí ẹni tí ó rí i. Ní ọjọ́ tí ẹ bá wọlé gan-an ni kí ẹ lọ sọ fún wọn pé kí wọ́n dí ti àwọn ọmọ. Kí àkọ́bí yín sì pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù rẹ̀ kí ọkọ̀ tó kúrò ní èbúté, nítorí pé owó tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì orí òkun ń gbà kò ṣeé fẹnu sọ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ físà, ibi tí mo ti rí ìdílé wa púpọ̀ tí wọ́n kọsẹ̀. Ẹ ní ẹ̀yin àti àwọn ọmọ ní páspọ́ọ̀tì ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ti Nàìjíríà ni ọkọ yín ń lò, pẹ̀lú ìwé ìgbélùú tí kò ní òpin. Ìwé ìgbélùú yẹn kò ṣí Nọ́wè, Sípéènì tàbí ilẹ̀ Faransé fún un. Físà Schengen, tí ó wà fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ni ó nílò, ó sì lè béèrè fún un ní London, láti oṣù 6 sí ọjọ́ 15 ṣáájú ìrìnàjò. €90 ni fún àgbàlagbà. Màmá náà nílò tirẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí ènìyàn ń gbé ni ó ti ń béèrè, ẹni tí ó wá kí ọmọ rẹ̀ fún oṣù díẹ̀ kì í sì í ṣe ará ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Ní Nàìjíríà ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ gbà á kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú wá. Bí wọ́n bá dé èbúté Southampton láìní in, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kò ní gbà wọ́n, kò sì ní dá owó padà. Ẹ tún wo físà tí wọ́n fi wọ ìlú Gẹ̀ẹ́sì bóyá ó gbà wọ́n láyè láti jáde kí wọ́n sì padà wọlé. Orúnkún tí ẹ ní ó ń yọ wọ́n lẹ́nu náà ń kọ́? Ní àwọn èbúté kan, ọkọ̀ ńlá kì í lè dúró létí ilẹ̀, ọkọ̀ kékeré ni ó ń kó èrò lọ sí èbúté, ìgbésẹ̀ wíwọ̀ ọ́ kò sì rọrùn fún àgbàlagbà. Inṣọ́ránsì ìrìnàjò tí ó mẹ́nu ba àìsàn wọn sì di dandan.

Gbogbo èyí kì í ṣe ìkórìíra, Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ ìwé ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin kọ́ ni kí ẹ sọ ọ́ fún Màmá. Ọmọ wọn ni kí ó sọ ọ́, àgbà kì í bínú sí ọmọ rẹ̀ bí ó ti ń bínú sí ìyàwó. Ẹ má ṣe bá ọkọ yín jiyàn lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ tí kò bá lọ síṣẹ́, lẹ́yìn tí ó bá ti sùn dáadáa, ẹ tẹ́ páspọ́ọ̀tì kálẹ̀, tirẹ̀ àti ti Màmá, kí ẹ sì jẹ́ kí ó ka àwọn òfin náà fúnra rẹ̀. Bí ó bá rí i pé àkókò ṣì wà, kí ìwé Màmá bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́sẹ̀ yìí. Bí kò bá sí àkókò, ẹ fi ìrìnàjò ọkọ̀ sí ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n bá ti padà sílé, kí ẹ sì fi ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹjọ gbé wọn wọ fẹ́rì láti Southampton lọ sí East Cowes ní erékùṣù Wight. Bíi wákàtí kan ni, kò béèrè físà, àwọn ọmọ yóò jókòó ti ìyá àgbà wọn, ẹ̀yin náà yóò sì mọ bí omi ti rí lára yín kí ẹ tó fi owó ńlá sílẹ̀ fún alẹ́ 7. Kí ọkọ yín pe Màmá kí ó tó san kọ́bọ̀ kankan fún yàrá, kí ó sì sọ èyí tí ẹ bá fẹnu kò sí fún wọn láti ẹnu ara rẹ̀.