Máàkì Pé, Iṣẹ́ Kò Tọ́: Ìbéèrè Yín Lórí Ẹ̀kọ́ Orí Ayélujára Níbi Iṣẹ́

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ogójì òṣìṣẹ́ ló wà lábẹ́ mi ní sítọ́ọ̀. Gbogbo wọn ló ṣe ẹ̀kọ́ orí ayélujára nípa bí a ṣe ń gba ọjà wọlé, kò sì sẹ́ni tí máàkì rẹ̀ kéré sí 80 nínú 100. Oṣù méjì ti kọjá, àṣìṣe inú ìwé ọjà ṣì wà bó ṣe wà. Ṣé àwọn òṣìṣẹ́ ni kò fẹ́ ṣiṣẹ́ ni, àbí ẹ̀kọ́ náà ni kò dáa? — Alábòójútó sítọ́ọ̀

Ẹ má tíì bá òṣìṣẹ́ wí. Ẹ kọ́kọ́ ṣí ìdánwò yẹn, kí ẹ fi ojú ara yín ka ìbéèrè inú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìbéèrè mẹ́wàá tí ìdáhùn wọn kò ju "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́" lọ, nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí kò ka nǹkan kan, tí wọ́n kàn ń tẹ èyí tó bá wù wọ́n, bí 5 ni yóò gba 8 nínú 10. Bí ìkànnì bá jẹ́ kí wọ́n gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta, ó di bí 15. Bí ìdáhùn mẹ́rin bá wà lábẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, bí ènìyàn 4 nínú 10,000 ni irú oríire bẹ́ẹ̀ lè bá ní ìgbìyànjú kan. Èyí tó burú jù ni ìkànnì tó ń fi ìdáhùn tó tọ́ han ẹni tó kùnà, tó sì tún gbé ìbéèrè kan náà wá fún un. Nígbà kejì, ohun tí ojú ti rí lọ́wọ́ kàn ń tẹ̀.

Ká tiẹ̀ ní ìdánwò náà le dáadáa, mímọ̀ nìkan ló ń wọ̀n. Láti 1959 ni Donald Kirkpatrick, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ibi iṣẹ́ ará Amẹ́ríkà, ti pín àyẹ̀wò ẹ̀kọ́ ibi iṣẹ́ sí mẹ́rin: ṣé ó dùn mọ́ wọn, ṣé wọ́n mọ̀ ọ́n, ṣé wọ́n ń ṣe é lẹ́nu iṣẹ́, ṣé àbájáde iṣẹ́ yí padà? Máàkì 80 yín dúró sí ìkejì. Ìkẹta àti ìkẹrin lẹ̀ ń ké sí wa lé lórí.

Ẹ kó àkọsílẹ̀ àṣìṣe oṣù tó kọjá jáde, ẹ ka bí ọgbọ̀n nínú rẹ̀, kí ẹ tò wọ́n ní irú-irú. Lórí èyí tó pọ̀ jù, ẹ bi ara yín pé: bí mo bá dúró ti òṣìṣẹ́ yìí, ṣé yóò ṣe é bó ṣe yẹ? Bó bá lè ṣe é, kì í ṣe àìmọ̀ ló ń dà á láàmú. Ẹ lọ wo ẹ̀rọ tó fi ń ka àmì ọjà, ẹ wo fọ́ọ̀mù, bóyá kò tilẹ̀ sí àyè láti kọ ọjà tó dín sí i. Kò sí ẹ̀kọ́ tó ń wo irú èyí sàn.

Bí kò bá lè ṣe é lóòótọ́, inú àṣìṣe yẹn gan-an ni kí ìbéèrè ti jáde. Ẹ yọ "Ó yẹ ká ka ọjà ká tó fọwọ́ síwèé, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́?" kúrò. Ta ni yóò ní bẹ́ẹ̀ kọ́? Ẹ fi irú èyí rọ́pò rẹ̀:

"Páálí 24 ló wà nínú ìwé ọjà. Ìwọ ka 22. Awakọ̀ ní ilẹ̀ ti ń ṣú, pé méjì tó kù á dé lọ́la. Kí lo máa ṣe?" Ìdáhùn kìíní: fọwọ́ sí 24, kó o máa retí ọ̀la. Ìkejì: fa ìlà sí 24, kọ 22, kí ìwọ àti awakọ̀ fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìkẹta: dá gbogbo ọjà padà.

Ìdáhùn tí kò tọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí àwọn ènìyàn ń ṣe ní ti gidi, kó má jẹ́ ìsọkúsọ tí ọmọdé á dá mọ̀. Bí wọ́n bá sì tẹ èyí tí kò tọ́, ẹ má kàn kọ "O kùnà" síbẹ̀. Ẹ kọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀: "Kọ̀ǹpútà ti gbà pé 24 ló wọlé. Nígbà tí wọ́n bá ka ọjà lópin oṣù, páálí méjì ti sọnù lọ́wọ́ rẹ."

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ohun márùn-ún tí ojú lè rí sórí ìwé kan (ó ka ọjà kó tó fọwọ́ sí i, ó yẹ ọjọ́ tí ọjà máa bàjẹ́ wò, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ), kí ẹ wo òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ìgbà 120 nìyẹn fún ogójì ènìyàn, a mọ̀ pé kò kéré. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ àwọn tó ń gba ọjà lójoojúmọ́.

Wákàtí mẹ́fà la fi kọ́ wọn lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bí ẹni pé a ò kọ́ wọn rárá. — Ọ̀gá ẹ̀ka òṣìṣẹ́

Hermann Ebbinghaus, onímọ̀ ará Jámánì tó ṣèwádìí lórí bí ènìyàn ṣe ń rántí nǹkan, ti tẹ ìwé lórí èyí jáde ní 1885: wákàtí tó tẹ̀ lé ẹ̀kọ́ gan-an ni ìgbàgbé ń yára jù. Ẹ gé wákàtí mẹ́fà yẹn sí oníṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ sì máa fi ìbéèrè mẹ́ta péré ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ keje àti ọgbọ̀njọ́. Kí wọ́n dáhùn kí wọ́n tó ṣí ẹ̀kọ́ wò. Àtúnkà máa ń tan ènìyàn jẹ: ojú á ti mọ̀ ọ́n, olúwarẹ̀ á rò pé orí náà mọ̀ ọ́n.

Fóònù làwọn òṣìṣẹ́ wa fi ń wo fídíò ẹ̀kọ́. Ó ń dúró, ó ń jẹ dátà. Kí la lè ṣe? — Olùkọ́ni níléeṣẹ́

Ẹ wo bí wọ́n ṣe gbé fídíò náà jáde. Fídíò 1080p (àwòrán tó mọ́ kedere) tó ń lo kilobit 2,500 ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò jẹ bí MB 94 fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí ẹ bá sọ ọ́ di 480p (àwòrán tó kéré sí i) ní kilobit 500, ó di bí MB 19. Bí ẹ ṣe máa ṣírò tiyín: ẹ fi kilobit ṣe ìlọ́po iye ìṣẹ́jú àáyá, kí ẹ pín in sí 8,000, MB ni ẹ máa rí. HandBrake, ètò kọ̀ǹpútà tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ń ṣe iṣẹ́ náà, H.264 (ọ̀nà kan tí a fi ń fún fídíò pọ̀) ni kí ẹ yàn, torí fóònù àtijọ́ náà ń kà á.

Àléébù kan wà níbẹ̀ o. Bó bá jẹ́ ojú kọ̀ǹpútà lẹ gbà sílẹ̀, lẹ́tà inú rẹ̀ kò ní ṣeé kà mọ́ bó bá kéré. Ibi tí ọwọ́ ti ń ṣiṣẹ́ nìkan ni kí ẹ gbà, kó tóbi. Ẹ má sì jẹ́ kí fídíò kan ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ: ìwádìí Philip Guo àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórí fídíò edX, ìkànnì ẹ̀kọ́ orí ayélujára, ní 2014 fi hàn pé àwọn ènìyàn kì í fara mọ́ èyí tó bá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣé ká ní kí wọ́n máa ṣe é nílé lálẹ́? — Oníléeṣẹ́ kékeré

Rárá. Iṣẹ́ ni, àsìkò iṣẹ́ ni kí wọ́n fi ṣe é. Ogún ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kó wà nínú ìwé àkókò iṣẹ́, kí ẹnì kan sì dípò wọn.

Òṣìṣẹ́ á ka ẹ̀kọ́ débi tó jìnnà, á jáde, bó bá padà wọlé, ìbẹ̀rẹ̀ ló ń bá ara rẹ̀. — Alábòójútó ìkànnì

Ṣé ojú ìwé èyíkéyìí ló ti ń ṣẹlẹ̀, àbí ó di ìparí? Bó bá jẹ́ ibikíbi, wọ́n ń ti ojú ìwé pa láìtẹ bọ́tìnì ìjáde ni, tàbí kí nẹ́tíwọ̀kì ti lọ kí ibi tí wọ́n dé tó wọ ìkànnì. Bó bá jẹ́ ìparí nìkan, SCORM 1.2 (ìlànà tí ẹ̀kọ́ fi ń bá ìkànnì sọ̀rọ̀) lẹ fi gbé e jáde nìyẹn, a fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra. Àyè tó fi ń rántí ibi tí ènìyàn dé kò gbà ju lẹ́tà 4,096 lọ. Ẹ̀kọ́ tó gùn, tí ìbéèrè pọ̀ nínú rẹ̀, yóò kún un, ohun tó bá kù sì lè dànù.

Ẹ gé ẹ̀kọ́ náà sí méjì tàbí mẹ́ta. SCORM 2004 ẹ̀dà kẹrin gba 64,000, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ìkànnì yín ń gbà á, 1.2 ni Moodle, ètò tí ọ̀pọ̀ fi ń ṣe ìkànnì ẹ̀kọ́, ń bá ṣiṣẹ́. Kó tó dọ́dọ̀ gbogbo òṣìṣẹ́, ẹ ní kí ẹnì kan ṣe é lórí fóònù títí kan ojú ìwé tó ṣáájú ìkẹyìn, kó dáhùn gbogbo ìbéèrè, kó jáde, kó pa fóònù, kó sì tún wọlé.